Kọ́kọ́rọ́ Tí Suzanne Gbé Lọ Gba Àdúrà

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ọjà Pobè kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ẹ ó ti gbọ́ ẹ̀rín Suzanne kí ẹ tó rí ilé rẹ̀. Ó ń jó láàárín àgbàlá. Kò sí orin, kò sí ìlù. Ó fi ọwọ́ kan mú ìgbakọ, ó fi èkejì gbé fóònù sókè, ó sì ń jó yí ìkòkò ọbẹ̀ ká lórí iná.

Élisée, ọkọ rẹ̀, tó ń kan ẹsẹ̀ àga kan lábẹ́ igi máńgòrò, gbójú sókè.

“Màmá Gracia, ṣé kò sí o? Ọbẹ̀ yẹn ń jóná.”

“Ẹ jẹ́ kó jóná, Bàbá Gracia! Ẹ wá bá mi jó. Wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́!”

“Kọ́kọ́rọ́ kí ni?”

“Kọ́kọ́rọ́ sẹ́fọ̀!”

Élisée wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀, kò rí kọ́kọ́rọ́ kankan. Ó rọra gbé òòlù sílẹ̀, ó lọ sọ iná abẹ́ ìkòkò náà kalẹ̀. Ọkọ tó bá ti mọ ìyàwó rẹ̀ dáadáa, ọbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ẹni tí Suzanne jẹ́. Òun ni ẹgbẹ́ ìlera kan ní Sakété gbà pé kí ó máa bá àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára bá ń bọ̀, Suzanne á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Á sọ ọjọ́, á sọ ibi tí wọ́n máa pàdé, á fi ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sí i. Láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ará oko tó gbé àdá, fóònù á máa dún káàkiri Towé, Yoko àti Aguidi. Ẹni tó bá gbé e, ohùn Suzanne ni yóò gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn kò rí i rí, ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí wọ́n gbé ọmọ wá, wọ́n á gbé ọmọ wá.

Ẹ̀rọ tó ń pe gbogbo fóònù yìí ni wọ́n ń pè ní sẹ́fọ̀. Kọ̀ǹpútà ni, àmọ́ kì í sùn, kì í sinmi, kò sì ní ojú tí ènìyàn ń wò. Yàrá tútù kan ní Sakété ni wọ́n gbé e sí. Tẹ́lẹ̀, bí Suzanne bá ní ohùn tuntun láti fi síbẹ̀, àfi kó gun kẹ̀kẹ́nọ̀, alùpùpù akérò, láti Pobè dé Sakété. Oòrùn á pa á lọ, òjò á pa á bọ̀.

Faridath, ọmọbìnrin Sakété tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́jú ẹ̀rọ náà, ló ní ìyà yẹn tó gẹ́ẹ́. Ó wá sí Pobè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ó jókòó ti Suzanne, ó kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń dúró nílé ìdáná rẹ̀ kó sì máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó wà lókèèrè. Fèrèsé dúdú kan ni wọ́n ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, lẹ́tà nìkan ni. Ẹ ó tẹ ssh, ẹ ó kọ orúkọ yín àti àdírẹ́sì sẹ́fọ̀ tẹ̀ lé e, sẹ́fọ̀ á dáhùn láti Sakété. Láti ìgbà yẹn, àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀ ní Pobè, Sakété ló ti máa ṣẹ.

Nígbà tí Suzanne kọ́kọ́ rí i tí ẹ̀rọ náà dáhùn, ó bú sẹ́rìn-ín. “Haa! Mo wà ní Pobè, ọwọ́ mi wà ní Sakété!”

Faridath náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tún sọ̀rọ̀ kan.

“Màmá Gracia, méjì ni nǹkan tí a rọ fún yín lónìí. Ọ̀kan jẹ́ àgádágodo, èkejì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àgádágodo la fi kọ́ ẹnu ọ̀nà sẹ́fọ̀. Gbogbo ayé lè rí i, kò séwu. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Inú ọ̀dìnátọ̀ yín, kọ̀ǹpútà yín yìí, ni yóò máa gbé, kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tì í, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹnìkan bá tilẹ̀ jí i, kò ní rí i lò.”

Suzanne gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ayọ̀ ló bo àbọ̀ tó kù mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, kò kọ nǹkan kan, ó kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ta ni yóò wọ ilé ìdáná òun wá jí ohun tí a kò lè fojú rí?

Kọ́kọ́rọ́ tó ń torí ẹ̀ jó nìyẹn.

Wàyí o, nínú ìjọ tí Suzanne àti Élisée ń lọ, kọ́kọ́rọ́ tuntun kì í wọ iṣẹ́ láìgba àdúrà. Ẹni tó ra alùpùpù, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù, yóò gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá Olùṣọ́ á wọ́n omi sí i, ìjọ á ṣe àmín. Alùpùpù Élisée gba tirẹ̀. Títí di òní, bí ó bá kọjá lára kòtò láìṣubú, á ní, “Ẹ ò rí i? Àdúrà ni.”

Suzanne kò fẹ́ kí tòun yàtọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ tí kò ní irin lé orí aṣọ funfun? Ó ronú títí. Ojú rẹ̀ là.

“Gúrúpù ìjọ!” ló sọ. “Màá gbé e sínú Wasáàpù ìjọ, gbogbo wọn á gbàdúrà sí i lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Ṣé Faridath ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?” ni Élisée béèrè.

“Mùsùlùmí ni Faridath. Níbo ni yóò ti mọ àṣà wa?”

Ni Suzanne bá fi fáìlì kọ́kọ́rọ́ náà ránṣẹ́ sí gúrúpù. Kí ìdùnnú rẹ̀ lè pé, ó tún ya fọ́tò fèrèsé dúdú náà mọ́ ọn, èyí tí orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì sẹ́fọ̀ hàn kedere lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi fi àdúrà sí kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ mi tuntun.”

Àmín rọ̀ bí òjò. Bàbá Olùṣọ́ Bienvenu fi ohùn ránṣẹ́, ó gbàdúrà gígùn pé ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá ṣí, ẹnikẹ́ni kò ní tì í. Àwọn ará Pobè ṣe àmín, àwọn tó wà ní Cotonou ṣe àmín, àwọn tó ti kó lọ sí Gabon ṣe àmín. Àwọn kan tún ṣe àmín tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó mú wọn wọ gúrúpù mọ́.

Suzanne sùn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n lọ sílé Olúwa, wọ́n bọ̀, wọ́n jẹun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni abẹ́rẹ́ àjẹsára máa wà ní Towé, àárọ̀ ọjọ́ Ajé sì ni sẹ́fọ̀ máa pe àwọn ìyá. Suzanne ti fi ohùn rẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó rántí pé òun kò sọ fún wọn pé kí wọ́n mú káàdì ọmọ dání. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ilé ìdáná, ó ṣí fèrèsé dúdú, ó tẹ ssh.

Sẹ́fọ̀ dáhùn. Ó kí i bí ó ti kí i lánàá, pẹ̀lú ìlà kan tó ń sọ ọjọ́ àti àkókò tí ó wọlé kẹ́yìn. Faridath ti tẹnu mọ́ ọn fún un pé bó ti wù kí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó máa ka ìlà yẹn. Suzanne kà á. Ó tún un kà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

“Bàbá Gracia, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo wà ní àárọ̀ yìí ní aago mẹ́wàá?”

“O kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Laure, akọrin ìjọ wa, níwájú pẹpẹ. Ìwọ̀n ohùn tí o fi ń kọrin, gbogbo wa la mọ ibi tí o wà.”

“Ẹ̀rọ yìí ní mo wà nínú òun.”

Élisée wá wò ó. Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Bóyá ẹ̀mí ló gbé ọ lọ sí Sakété.”

“Bàbá Gracia!”

“Mo kàn sọ ni. Bí ẹ̀mí bá máa gbé ènìyàn, kò kúkú ní san owó kẹ̀kẹ́nọ̀.”

Suzanne kò rẹ́rìn-ín. Ó pàṣẹ pé kí sẹ́fọ̀ fi àwọn fáìlì ohùn han òun. Ti Yoko wà bó ti wà, ti Aguidi náà wà bó ti wà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti pààrọ̀ ti Towé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó fa fáìlì náà wá sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó dùn bí oyin.

“Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ Towé. Màmá Gracia ló rán mi. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò sí mọ́. Oògùn olómi tuntun kan ti dé tó ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ mú owó dání, ẹ wá pàdé wa nítòsí ibùdókọ̀ Pobè.”

Suzanne dá fáìlì náà dúró. Ó jókòó sórí àpótí. Ó rí wọn lójú ara rẹ̀, àwọn ìyá Towé, tí wọ́n pọn ọmọ, tí wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kọjá lọ ra omi dídùn lọ́wọ́ olè, nítorí pé wọ́n gbọ́ orúkọ òun. Bí ọmọ kan bá wá ṣàìsàn ńkọ́? Ẹ̀rù bà á gan-an, ojú sì tì í ju ẹ̀rù lọ.

“Ṣé ó lè jẹ́ gúrúpù yẹn?” ló béèrè, bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Élisée fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, kò fẹ́ kí ó sunkún. “Wò ó, pa ohun tí o fi síbẹ̀ rẹ́. Dá ohùn tìrẹ padà sí ipò rẹ̀, kí o sì dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀?”

Ìmọ̀ràn náà dùn létí Suzanne. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ sí fóònù láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà dúró.

“Rárá, Bàbá Gracia. Bí mo bá dákẹ́, tó bá tún wọlé lóru ńkọ́? Èmi ni ojú ń tì. Àwọn ọmọ Towé ni yóò jìyà ẹ̀.”

Ó pe Faridath.

Faridath ti lọ sí Àjàṣẹ́, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Hàbíb ṣe. Ìgbà tí Suzanne pè é, inú ọkọ̀ tasín ló wà, ó ń padà bọ̀ wá sí Sakété, wọ́n há òun àti agbọ̀n ọ̀pẹ òyìnbó kan mọ́ ẹ̀yìn. Kò mú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání.

“Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, Màmá Gracia. Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ohùn yín rí báyìí?”

Suzanne sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Màmá, ta lẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ yín?”

“Mi ò fún ẹnì kankan.”

“Kò sẹ́ni kankan?”

“Ọlọ́run nìkan ni mo fún.”

“Báwo lẹ ṣe fún Ọlọ́run?”

“Mo gbé e sí gúrúpù ìjọ kí wọ́n bá mi gbàdúrà sí i.”

Faridath gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣe é ṣe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìyá tó ni ọ̀pẹ òyìnbó yíjú wò ó. Suzanne náà, pẹ̀lú omi lójú, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín gbà á. Nígbà tí àwọn méjèèjì sinmi, Faridath wá sọ̀rọ̀ bí àgbà.

“Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí kíá. Ẹlòmíràn ìbá fi pamọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni à bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó délé, rẹ́sò fóònù ojú ọ̀nà yìí kò sì dára. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é.”

“Èmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin. Ṣebí ọwọ́ yín ló wà ní Sakété. Kpẹ̀dẹ́-kpẹ̀dẹ́, a ò kánjú. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí: fèrèsé dúdú tó ṣí níwájú yín, ẹ má pa á dé. Ẹ ti wà nínú ilé nìyẹn. Bí ẹ bá jáde kí a tó parí, a lè ti ara wa mọ́ta.”

Élisée gbọ́ ìyẹn, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì pátápátá.

“Ẹ tẹ who, yóò fi ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ báyìí hàn, kí ẹ sọ orúkọ tí ẹ rí fún mi.”

“Orúkọ mi nìkan ni. Ibi tí mo wà yìí náà ló kọ.”

“Àlùhámúdù. Olè ti jáde. Ó dájú pé ó fẹ́ padà wá, àmọ́ kò sí nínú ilé báyìí. Ẹ ṣí fèrèsé mìíràn, lórí ọ̀dìnátọ̀ yín, kí ẹ rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun bí a ti ṣe lánàá.”

Suzanne tẹ àṣẹ náà. Ó ṣì í tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé.

“Lọ́tẹ̀ yìí ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ kọjá o,” ni Faridath wí. “Kì í ṣe orúkọ Gracia. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bí i. Gbólóhùn gígùn kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí yín. Ẹ má sọ ọ́ fún èmi náà.”

Suzanne ronú. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀rín kan wá sí i ní igun ẹnu, ó sì kọ ohun tí ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Élisée.

“Kí lo kọ?” ni Élisée béèrè.

“Ẹ má bínú, àṣírí iṣẹ́ ni.”

“Ṣé nípa mi ni?”

“Bàbá Gracia, ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ olè.”

Faridath sọ bí yóò ṣe fi àgádágodo kọ́kọ́rọ́ tuntun kọ́ ẹnu ọ̀nà sẹ́fọ̀. Suzanne fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Faridath ní kí ó ṣí fèrèsé kẹta, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ tuntun wọlé láìfọwọ́ kan fèrèsé àkọ́kọ́.

“Ẹ kì í já afárá àtijọ́ kí ẹ tó rìn lórí tuntun,” ló wí. “Ẹ dán an wò ná.”

Suzanne dán an wò. Ẹ̀rọ béèrè gbólóhùn rẹ̀, ó kọ ọ́. Ilẹ̀kùn ṣí.

“Ó ṣí! Faridath, ó ṣí!”

Ariwo náà jáde láti inú fóònù, ó kún inú tasín. Dírẹ́fà ti pa rédíò rẹ̀ láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè gbọ́ dáadáa. Ìyá ọlọ́pẹ-òyìnbó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ẹ sọ fún un kó yọ ti àtijọ́ dànù!”

“Ibẹ̀ la kàn, ìyá,” ni Faridath dá a lóhùn. “Màmá Gracia, ẹ wo inú fáìlì tí àwọn àgádágodo wà. Ẹ kà wọ́n sí mi létí.”

“Ti àtijọ́ rèé. Tuntun tèmi rèé. Tìrẹ náà rèé.” Suzanne tún wò ó. “Òmíràn tún wà nísàlẹ̀. Mi ò mọ orúkọ tó wà nídìí ẹ̀.”

Dírẹ́fà rọra dín eré ọkọ̀ kù.

“Olè náà ti fi tirẹ̀ kọ́ ọ,” ni Faridath wí. “Ẹ ò rí i bí ó ṣe gbọ́n tó? Bí ẹ bá kàn pa ohun tó wà ní gúrúpù rẹ́ tí ẹ dákẹ́, kò ní dí i lọ́wọ́ rárá. Yóò máa wọlé, yóò máa jáde, bí ẹni tó ni ilé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá, kí ẹ wá yọ òun àti ti àtijọ́ kúrò.”

Ẹsẹ̀ Élisée kò balẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé òun ló gbà á nímọ̀ràn pé kó dákẹ́. Ó lọ bu omi tútù wá fún ìyàwó rẹ̀.

Suzanne ya fọ́tò. Ó yọ àgádágodo méjèèjì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ gbìyànjú láti wọlé, sẹ́fọ̀ kọ̀ jálẹ̀, kò dá a mọ̀ mọ́. Ìgbà tí ẹ̀rọ lé e dànù yẹn, ṣe ni inú rẹ̀ dùn ju ìgbà tó kọ́kọ́ gbà á wọlé lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí ipò rẹ̀ fún Towé, èyí tuntun tó ní ọ̀rọ̀ káàdì nínú, ó sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó lè dá a lójú.

“Ó parí,” ló wí. “Ṣé ó parí?”

“Apá tiyín ti parí. Bí mo bá délé, màá yẹ gbogbo ẹ̀rọ náà wò láti òkè délẹ̀, bóyá ó fi nǹkan mìíràn pamọ́ síbẹ̀. Màá sì sọ fún ọ̀gá wa ní alẹ́ yìí. Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Gracia. Iṣẹ́ mi lẹ ṣe tán yẹn.”

Nínú tasín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní Pobè, Suzanne gbé kọ̀ǹpútà sọ́wọ́ bí ọmọ tuntun, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ijó tó dá dúró lánàá. Élisée bá a jó lọ́tẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ yẹn, kò yéé gbìyànjú láti mọ gbólóhùn náà: “Ṣé ‘ọkùnrin yìí rẹwà’ lo kọ?” Suzanne á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun yín.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúpù ìjọ. Ó sọ òótọ́ fún wọn: kọ́kọ́rọ́ tí òun gbé síbẹ̀ kò yẹ kó jáde nílé, ẹnìkan ti fi ṣiṣẹ́ ibi, òun sì ti pa á rẹ́. Ó rò pé wọn ó bínú. Bàbá Olùṣọ́ Bienvenu ló kọ́kọ́ dáhùn.

“Ọmọ mi, àdúrà wa gbà. Ọlọ́run ló ṣí ọ lójú tí o fi ka ìlà yẹn. Láti òní lọ, bí ọmọ ìjọ bá ní kọ́kọ́rọ́ tí kò ní irin, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílé, kí ó gbé ara rẹ̀ wá. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú la ó gbàdúrà fún.”

Ó sì jókòó ti àkọ̀wé ìjọ, wọ́n yọ gbogbo nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó mọ olúwa rẹ̀ kúrò nínú gúrúpù náà. Faridath yẹ sẹ́fọ̀ wò títí, kò rí ohun mìíràn. Ẹgbẹ́ ìlera kó ohùn ọkùnrin náà àti fọ́tò Suzanne lọ bá ọlọ́pàá, ìwádìí sì ń lọ lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Élisée fi alùpùpù gbé Suzanne lọ sí Towé. Suzanne kò sùn dáadáa. Ó ń bẹ̀rù pé bóyá ohùn ọkùnrin yẹn ṣáà ti dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan, bóyá àgbàlá ilé ìwòsàn á ṣófo.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹkún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹkún tó dùn ún gbọ́ ni, ẹkún abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n kún abẹ́ igi, àwọn tó kù dúró títí dé ojú ọ̀nà. Káàdì ọmọ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Suzanne sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó ń wò wọ́n.

Obìnrin kan tó pọn ìbejì, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, wò ó fínnífínní.

“Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ kí mi lẹ́ẹ̀kan.”

“Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá ìbejì,” ni Suzanne wí.

Obìnrin náà lọgun. “Òun ni! Màmá Gracia inú fóònù ni! Ẹ wá o!” Ó di ọwọ́ Suzanne mú. “Ohùn yín ni mo gbọ́ tí mo fi dìde nílé. Bí ó bá jẹ́ ohùn ẹlòmíràn, mi ò ní wá.”

Suzanne gba ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. Ọmọ náà kò mọ ewu tí wọ́n yọ ọ́ nínú rẹ̀, ó kàn di awò ojú Suzanne mú, ó ń fà á.

Ẹ̀yin ará wa, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Púpọ̀ nínú wa lónìí ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó wà lókèèrè, yálà ní ilé ìwòsàn, ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́nu òwò. Àgádágodo yín, ẹ lè fún ẹni tó bá béèrè. Kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni: kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ìjọ, kì í ṣe jàmáà, kì í sì í ṣe ẹni tó pè yín pé òun ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tòótọ́ ní tirẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn gígùn tì í. Ẹ máa ka ìlà tó ń sọ ìgbà tí ẹ wọlé kẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni Suzanne ti mú olè. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ẹ má jáde títí tuntun yóò fi ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àjèjì ti fi àgádágodo tirẹ̀ kọ́ ọ. Bí olè náà bá sì ti wọ inú ẹ̀rọ jìnnà, kí onímọ̀ nù ún mọ́, kí ó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ pariwo kíá. Ìtìjú kì í pani, ohun tí a fi ìtìjú bò ló ń pani. Ọjọ́ Ìsinmi ni Suzanne sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ọmọ tó wá sí Towé ló gba abẹ́rẹ́ wọn.